Kọmíṣọ̀n Nótárì Yín Ti Fẹ́ Tán? Ẹ Wá Ká Jọ Ka Ọjọ́

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tá à ń ṣe nótárì ní Amẹ́ríkà (ìyẹn ẹni tí ìpínlẹ̀ fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìbuwọ́lùwé àwọn èèyàn), àbọ̀ṣẹ́ ni. Láàárọ̀ èèyàn ti wà ní ọsibítù tàbí ọ́fíìsì, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ló tó gbé òǹtẹ̀ sínú báàgì tó sì wọ mọ́tò lọ bá kọ́sítọ́mà, torí náà ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí wa, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n kọ sára sátífíkéètì pé kọmíṣọ̀n, ìyẹn àṣẹ tí ìpínlẹ̀ fún wa, máa tán. Ọjọ́ yẹn kọ́ lẹ máa fi ṣiṣẹ́ o. Ọjọ́ tó yẹ kẹ́ẹ mọ̀ ni ọjọ́ tó yẹ kẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kíkà lẹ sì máa kà á padà sẹ́yìn láti ọjọ́ tó máa tán, torí kọ́ọ̀sì ní àsìkò tiẹ̀, ìdánwò ní tiẹ̀, bọ́ǹdì (ìwé tí ilé-iṣẹ́ kan fi ń ṣe onídùúró yín) ní tiẹ̀, county clerk (akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀) ní tiẹ̀, àwọn tó ń ṣe òǹtẹ̀ ò sì ní torí yín sáré. Ohun tó tún wá ń dá kún un ni pé tẹ́ẹ bá tètè jù wọ́n á dá a padà, tẹ́ẹ bá sì pẹ́ jù wọ́n á ní kẹ́ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àárín méjèèjì là ń wá.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyàtọ̀ yìí kíá. Ní Nàìjíríà, lọ́yà ló ń ṣe nótárì, Chief Justice of Nigeria ló sì ń yàn wọ́n, kò sí pé à ń ríníù ẹ̀ lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin, ohun tí lọ́yà gbọ́dọ̀ máa rántí ni practising fee tó gbọ́dọ̀ san lọ́dọọdún kí 31 March tó kọjá. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń yan nótárì tiẹ̀, kò dìgbà tẹ́ẹ bá kàwé lọ́yà. (Ẹ má sì jẹ́ kí kọ́sítọ́mà kankan máa pè yín ní lọ́yà kẹ́ẹ wá dákẹ́, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.) Kò dìgbà tẹ́ẹ bá di ọmọ onílùú náà: ní 1984, nínú ẹjọ́ Bernal v. Fainter, Supreme Court Amẹ́ríkà sọ pé Texas ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé citizen nìkan ló lè ṣe nótárì, torí náà tẹ́ẹ bá ní green card, ẹ lè ṣe é. Kọmíṣọ̀n Texas, California, New York, Pennsylvania àti Florida, ọdún mẹ́rin ni gbogbo wọn. Ọdún mẹ́rin yìí gan-an ni ìṣòro, torí ó gùn tó kéèyàn gbàgbé, kò sì gùn tó kí òfin má yí padà láàárín.

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ìwé jáde

Kẹ́ẹ tó fọwọ́ kan wẹ́ẹ̀bùsáìtì kankan, ẹ jókòó, ẹ kó ìwé sórí tábìlì. Kì í ṣe sátífíkéètì nìkan. Ẹ mú bọ́ǹdì, ẹ wo ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa tán lára ẹ̀, kẹ́ẹ rí i pé ó bá ti kọmíṣọ̀n mu. Ẹ mú ìnṣọ́ránsì àṣìṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní E&O tẹ́ẹ bá ní in. Àwọn èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀, wọ́n á ní "mo ti ní bọ́ǹdì, kí ni mo tún fẹ́ fi ìnṣọ́ránsì ṣe", aráàlú ni bọ́ǹdì wà fún o, tí ilé-iṣẹ́ bọ́ǹdì bá sanwó fún ẹni tí àṣìṣe yín kó bá, wọ́n á padà wá gba owó wọn lọ́wọ́ yín. E&O ló ń dúró fún ẹ̀yin gan-an. Ìyẹn náà ní ọjọ́ tiẹ̀, ẹlòmíì ra ọlọ́dún kan láìmọ̀, ó sì rò pé ti ọdún mẹ́rin lòun ní.

Tẹ́ẹ bá ń ṣe nótárì orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Texas, àṣẹ yẹn dúró lé kọmíṣọ̀n àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí ti ilẹ̀ (ìyẹn kọmíṣọ̀n àkọ́kọ́ yẹn) bá kú, ti online náà kú, ẹ sì gbọ́dọ̀ béèrè fún un lọ́tọ̀ kẹ́ẹ san $50 míì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ríníù ti ilẹ̀, wọ́n á wá máa bá iṣẹ́ online lọ bíi pé méjèèjì lọ pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń gba iṣẹ́ loan signing (kẹ́ẹ jẹ́rìí sí i bí ẹni tó ń yáwó ilé ṣe ń buwọ́ lùwé), ẹ fi background check, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá ẹ ti dáràn rí, kún un. Ọdọọdún ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń béèrè ìyẹn, ọjọ́ tiẹ̀ ò sì bá ọjọ́ kọmíṣọ̀n mu rárá. Tó bá ti kọjá, wọn ò ní pè yín láti sọ fún yín, iṣẹ́ á kàn dẹwọ́ ni, ẹ̀ẹ́ máa rò pé ọjà ni ò yá.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ ohun mẹ́ta síwájú ìkọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tó máa tán, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lè gbà á lọ́wọ́ yín, àti nǹkan tó dúró lé. Ẹ̀kẹta yẹn làwọn èèyàn kì í kọ, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Òǹtẹ̀ dúró lé sátífíkéètì, torí onítẹ̀ẹ̀wé fẹ́ rí i kó tó ṣe é. Sátífíkéètì dúró lé pé wọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yín. Fọ́ọ̀mù dúró lé bọ́ǹdì, tàbí kọ́ọ̀sì, tàbí ìdánwò, ìpínlẹ̀ yín ló máa sọ èwo. Orúkọ yín ní ilé-iṣẹ́ signing wá dúró lé gbogbo wọn. Tẹ́ẹ bá ti rí okùn yìí, ẹ ti mọ ibi tó máa já.

Texas: 90 ọjọ́

Texas ni mo máa fi ṣàlàyé dáadáa torí àwa tó wà ní Houston àti Dallas pọ̀. Wọn ò ní gba fọ́ọ̀mù ríníù yín tó bá ju 90 ọjọ́ lọ kí ti àtijọ́ tó tán. Ká ní kọmíṣọ̀n yín máa tán ní 15 October 2027, ẹ kà á padà, 17 July 2027 ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ẹ lè fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ṣáájú ìyẹn, ẹ kàn ń da ara yín láàmú ni.

Àmọ́ ẹ̀yin ò ní dúró di 17 July kẹ́ẹ tó gbéra. Ẹ máa lo oṣù June láti ra bọ́ǹdì $10,000 yẹn (kì í ṣe $10,000 lẹ máa san o, owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà lórí ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin), kẹ́ẹ ti bá ilé-iṣẹ́ náà sọ ọjọ́ tẹ́ẹ fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì máa wáyè fún kọ́ọ̀sì, torí òfin SB 693 tí wọ́n ṣe ní 2025 ti yí nǹkan padà: láti 1 January 2026, ẹni tó ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́ àti ẹni tó ń ríníù, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ ṣe kọ́ọ̀sì Secretary of State, ìyẹn ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń yan nótárì. Ẹni tó ríníù kẹ́yìn ní 2022 tàbí 2023 ò mọ nǹkan kan nípa kọ́ọ̀sì yìí, òun nìyẹn tó máa ṣí wẹ́ẹ̀bùsáìtì nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú $21 lọ́wọ́, tó máa wá rí i pé kọ́ọ̀sì ti dí òun lọ́nà.

Ó dáa. 17 July ti dé, ẹ ti ní bọ́ǹdì, ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì, ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Kí ló dé tẹ́ẹ máa fi sáré tó bẹ́ẹ̀ nígbà tẹ́ẹ ní oṣù mẹ́ta? Torí pé tí lẹ́tà kan bá ṣì nínú orúkọ yín, tàbí tí bọ́ǹdì ò bá bá fọ́ọ̀mù mu, wọ́n á dá a padà, ẹ̀ẹ́ tún un ṣe, ẹ̀ẹ́ tún tò sẹ́yìn. Tí wọ́n bá dá a padà ní August, ẹ̀rín lẹ máa fi rín in. Tó bá jẹ́ 10 October ni wọ́n dá a padà, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ìbúra ṣì kù. Ẹ gbọ́dọ̀ búra níwájú nótárì míì, ẹ ò lè búra fún ara yín, bó ti wù kí òǹtẹ̀ yín wà lọ́wọ́. Tẹ́ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ń ṣe nótárì, ẹ ti sọ fún un sílẹ̀.

California: ẹ bẹ̀rẹ̀ látoṣù mẹ́fà

California kì í ṣeré. Gbogbo ìgbà tẹ́ẹ bá ríníù lẹ máa ṣe ìdánwò, ì báà jẹ́ ìgbà karùn-ún yín, ẹ sì tún máa tẹ̀ka Live Scan lẹ́ẹ̀kan sí i. $40 ni fún fọ́ọ̀mù àti ìdánwò. Wọ́n ní kẹ́ẹ ti jókòó ṣe ìdánwò ó kéré tán oṣù mẹ́fà kí kọmíṣọ̀n tó tán, kì í sì í ṣe àsọdùn, torí bẹ́ẹ bá yege, ìka tẹ́ẹ tẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ padà dé látọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àbájáde ìdánwò ń lò fún ọdún kan, nítorí náà títètè ṣe é ò ní kó bá yín.

Owó àti àsìkò tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ wà lára kọ́ọ̀sì. Ẹni tí kọmíṣọ̀n ẹ̀ ṣì wà láàyè, tó sì ti ṣe kọ́ọ̀sì wákàtí 6 nígbà kan rí, wákàtí 3 péré ló máa ṣe. Ẹni tó bá jẹ́ kó tán kó tó gbé fọ́ọ̀mù wá, ó ti padà sí wákàtí 6 bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ibi tó ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn lára, ìyẹn ọjọ́ 30. Láti ọjọ́ tí kọmíṣọ̀n tuntun bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti gbé ìbúra àti bọ́ǹdì $15,000 lọ sọ́dọ̀ county clerk ní county tí ọ́fíìsì yín wà. Ẹ ka gbólóhùn yẹn dáadáa: láti ọjọ́ tí kọmíṣọ̀n BẸ̀RẸ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí lẹ́tà dé ọwọ́ yín. Tí lẹ́tà bá pẹ́ lọ́nà, ọjọ́ ti ń lọ. Tẹ́ẹ bá sì fi í ránṣẹ́ nípa póòsì, ọjọ́ tí wọ́n gbà á wọlé ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ẹ fi ránṣẹ́. Kò sí àfikún ọjọ́ kan, bẹ́ẹ bá kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Tó bá kọjá, kọmíṣọ̀n yẹn ò wúlò mọ́, ẹ máa tún fọ́ọ̀mù kọ, ẹ máa tún owó san. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ẹ gbé e lọ fúnra yín, kẹ́ẹ fi ẹsẹ̀ rìn dé orí káńtà, kẹ́ẹ gba risíìtì.

Òǹtẹ̀ California náà, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ò gbọ́dọ̀ ṣe é fún yín láìrí ìwé ìyọ̀ǹda tí Secretary of State fi ránṣẹ́ sí yín. Torí náà tẹ́ẹ bá rí ẹni tó ní òun lè bá yín ṣe é láìsí ìwé, ẹ sá fún un.

Pennsylvania àti New York

Pennsylvania: kọ́ọ̀sì wákàtí 3, fún ẹni tuntun àti ẹni tó ń ríníù, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà kẹ́ẹ tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ibí yìí ni títètè jù ti ń kó bá èèyàn, ẹ ṣe kọ́ọ̀sì ní January, ẹ wá kọ fọ́ọ̀mù ní September, kọ́ọ̀sì ti bà jẹ́ nìyẹn, ẹ máa tún un ṣe. Wọ́n fẹ́ rí fọ́ọ̀mù yín ó kéré tán ọjọ́ 60 kí ti àtijọ́ tó tán. Nítorí náà ẹ ka oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ ṣe kọ́ọ̀sì, ẹ kọ fọ́ọ̀mù lọ́sẹ̀ kan náà, ó parí. Tí wọ́n bá ti yàn yín, ọjọ́ 45 lẹ ní láti ra bọ́ǹdì, ṣe ìbúra, kẹ́ẹ sì forúkọ ohun gbogbo sílẹ̀ ní county. Tẹ́ẹ bá jẹ́ kí kọmíṣọ̀n tán kẹ́ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù, ìdánwò ń dúró dè yín.

New York rọrùn jù nínú gbogbo wọn: $60, kò sí bọ́ǹdì, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta kó tó tán. Bó bá tán tí ẹ ò tíì ríníù, wọ́n fún yín ní oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó ní kẹ́ẹ lọ tún ìdánwò ṣe. Àmọ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa, oṣù mẹ́fà yẹn, oore tí wọ́n ṣe fún yín lórí ìdánwò ni, kì í ṣe àṣẹ láti máa tẹ òǹtẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà yẹn ẹ kì í ṣe nótárì.

Orúkọ yín

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí torí ọ̀rọ̀ àwa gan-an ni. Orúkọ Yorùbá gùn, ó sì pọ̀. Oluwafunmilayo lórí green card, Funmilayo lórí bọ́ǹdì, Funmi ní íméèlì, orúkọ bàbá lórí sátífíkéètì nọ́ọ̀sì, orúkọ ọkọ lórí láísẹ́nsì mọ́tò, orúkọ àárín ti gé kúrò níbì kan torí àyè ò gbà á. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Kọ̀ǹpútà ìjọba ò mọ̀.

Ohun tẹ́ẹ máa ṣe: nígbà tó bá ku oṣù mẹ́fà, ẹ pinnu orúkọ kan, bẹ́ẹ ṣe máa kọ ọ́ lẹ́tà sí lẹ́tà, láìsí àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀, torí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í gbà á. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, ẹ wò ó kọ bọ́ǹdì, ẹ wò ó kọ fọ́ọ̀mù, ẹ wò ó ra òǹtẹ̀. Orúkọ tó wà lórí kọmíṣọ̀n ló gbọ́dọ̀ wà lórí òǹtẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà kan yàtọ̀, bẹ́ẹ náà sì lẹ gbọ́dọ̀ máa buwọ́ lùwé. Ẹni tó ti ń fi "F. Adé" buwọ́ lùwé láti kékeré, ó máa nira díẹ̀, ẹ mú un mọ́ra.

Tẹ́ẹ bá ṣègbéyàwó tàbí tẹ́ẹ kọ ọkọ sílẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, àsìkò ríníù ló rọrùn jù láti yí orúkọ padà, torí ẹ máa ra bọ́ǹdì tuntun àti òǹtẹ̀ tuntun lọ́nàkọnà. Yíyí i padà láàárín, ẹ máa gba ìwé àtúnṣe lọ́dọ̀ oníbọ́ǹdì, ẹ máa san owó míì, ẹ tún máa ra òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ku oṣù díẹ̀, tí ìpínlẹ̀ yín bá sì gbà á, ẹ dúró. Ti àdírẹ́sì yàtọ̀, ìyẹn kì í dúró o, Texas fẹ́ gbọ́ láàárín ọjọ́ 10 tẹ́ẹ bá kó.

Tó bá wá tán ńkọ́?

Ẹ dúró. Kò sí ọ̀rọ̀ míì. Tí fọ́ọ̀mù yín bá ṣì wà lọ́wọ́ wọn, tẹ́ẹ ti sanwó, tẹ́ẹ ti ní risíìtì, ẹ ò gbọ́dọ̀ tẹ òǹtẹ̀ títí tí tuntun fi máa bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíì á ní "ṣebí wọ́n máa fọwọ́ sí i náà ni", ó wá ṣe ìwé kan fún ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlòmíì tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ á kọ ọjọ́ ẹ̀yìn sórí ìwé. Èyí kejì yìí, ìwà ọ̀daràn ni, mi ò ní fi oyin sí i.

Ẹ wo bó ṣe máa ń hàn. Àǹtí kan fẹ́ kí àbúrò ẹ̀ bá a ta ilẹ̀ n'Íbàdàn, ó wá sọ́dọ̀ yín pẹ̀lú power of attorney (ìwé tó fún àbúrò láṣẹ láti ṣojú ẹ̀), ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ kẹta tí kọmíṣọ̀n ti tán. Ìwé tó ń lọ Nàìjíríà kì í dá lọ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọ́fíìsì Secretary of State kọjá kí wọ́n jẹ́rìí sí i pé nótárì gidi ni yín, lẹ́yìn náà ló tó máa dé ẹ́ḿbásì. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń fi orúkọ yín wé àkọsílẹ̀, ọjọ́ tẹ́ẹ tẹ ìwé àti ọjọ́ tí kọmíṣọ̀n tán. Wọ́n á dá a padà. Àǹtí ti sanwó FedEx, ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ti ń bínú, àbúrò ti ń pe fóònù láàárọ̀ lálẹ́, orúkọ yín sì ti wà lẹ́nu gbogbo ẹbí kó tó di ọjọ́ Sunday. Ti ìwé ilé níbí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí county lè kọ̀ láti gbà á, báńkì á sì fẹ́ mọ ẹni tó máa san owó ìdádúró.

Torí náà nígbà tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì tí tuntun ò tíì dé, ẹ má gba iṣẹ́ tí ọjọ́ ẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ tó máa tán. Kọ́sítọ́mà máa ń sún ọjọ́ síwájú, ẹ mọ̀ wọ́n. Ẹ fún ẹlẹgbẹ́ yín tí kọmíṣọ̀n tiẹ̀ ṣì gùn ní iṣẹ́ náà, lọ́jọ́ míì òun náà á fún yín.

Òdìkejì ẹ̀ náà wà. Tí tuntun bá dé ṣáájú, ẹ wo ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀ kẹ́ẹ tó yọ òǹtẹ̀ tuntun nínú páálí. Ọjọ́ tó máa tán wà lára òǹtẹ̀, tẹ́ẹ bá lo ti tuntun lábẹ́ kọmíṣọ̀n àtijọ́, ìwé yẹn ti ní àléébù. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n lẹ́ bébà kékeré mọ́ ìdí òǹtẹ̀ tuntun, kí wọ́n kọ "má lò ó kó tó di ọjọ́ báyìí" sí i.

Láísẹ́nsì iṣẹ́ òòjọ́ yín

Bó o ṣe ń ka ti nótárì náà lo ṣe máa ka ti nọ́ọ̀sì, kìkì pé ibi tí wọ́n ti ń kà yàtọ̀. RN àti LVN (irú nọ́ọ̀sì méjì) ní Texas, ọdún méjì-méjì ni, ó máa ń tán ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù tí wọ́n bí yín. Ọdún ìbí tó bá jẹ́ èyí tí 2 lè pín geerege, ọdún bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ń ríníù, tó bá ṣẹ́kù 1, ọdún tó ṣẹ́kù 1. Ẹni tí wọ́n bí ní March 1980, 31 March 2028 ni tiẹ̀, àti 2030. Ẹ̀kọ́ àfikún wákàtí 20 láàárín ọdún méjì yẹn. Ọjọ́ ìbí yín ló ń sún mọ́ yẹn, kò sì sí ẹni tó yẹ kó gbàgbé, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń ṣe wákàtí 20 ní òru ọjọ́ 30. Ẹ pín in, wákàtí kan lóṣù, ó máa pé kẹ́ẹ tó mọ̀, ẹ sì máa tọ́jú sátífíkéètì ìkọ̀ọ̀kan sínú fóldà kan lórí fóònù, torí wọ́n lè yan yín fún àyẹ̀wò.

Ẹ̀yin tó wà ní Britain, ti NMC, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbẹ̀, ni kẹ́ẹ fojú sí. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni revalidation (fífi hàn pé ẹ ṣì tóótun), ọjọ́ tó ń da àwọn èèyàn láàmú sì ni pé ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù tí registration máa tán ni wọ́n fẹ́ rí ìwé yín, kì í ṣe ọjọ́ tó kẹ́yìn. Tó bá máa tán ní 31 October, 1 October ni òpin tiyín, ojú ìwé náà sì máa ṣí ní ọjọ́ 60 ṣáájú, ìyẹn 2 August. Ohun tí wọ́n fẹ́: iṣẹ́ wákàtí 450, ẹ̀kọ́ wákàtí 35 tí 20 nínú ẹ̀ jẹ́ èyí tẹ́ẹ ṣe pẹ̀lú àwọn míì, ọ̀rọ̀ ìwòye 5 látẹnu àwọn èèyàn, àkọsílẹ̀ àròjinlẹ̀ 5, ìjíròrò pẹ̀lú nọ́ọ̀sì míì tó wà lórí rẹ́jísítà, àti ẹni tó máa fọwọ́ sí i. Nínú gbogbo èyí, ẹni tó máa fọwọ́ sí i ló ń dá àwọn èèyàn dúró, torí máníjà yín lè wà lísìmi lóṣù August. Ẹ bá a dọ́jọ́ láti June. Tí registration bá bọ́, ẹ ò lè ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì, ẹ máa lọ béèrè kí wọ́n gbà yín padà. (Nótárì England àti Wales, lọ́yà ni ọ̀pọ̀ wọn, ọdọọdún ni ìwé wọn ń tán, ní 31 October.)

Ẹni tó ní méjì tàbí mẹ́ta, kó wo kàlẹ́ńdà bóyá wọ́n á kọlu ara wọn. Ká ní March ni nọ́ọ̀sì yín, tí nótárì Texas yín tún máa tán ní April. Ẹ ò lè yí ọjọ́ kankan nínú wọn padà, àmọ́ ẹ lè fa iṣẹ́ inú ẹ̀ síwájú: kí wákàtí 20 ti pé ní November, kí bọ́ǹdì àti kọ́ọ̀sì nótárì wà nílẹ̀ kí February tó jáde. Owó náà ńkọ́? Ẹ máa yọ díẹ̀díẹ̀ sọ́tọ̀ láti ọdún tó ṣáájú, torí owó ìdánwò, bọ́ǹdì, òǹtẹ̀, E&O àti láísẹ́nsì lóṣù kan náà kì í ṣe ẹ̀rín.

Lẹ́tà tó máa wá bá yín

Tó bá ku oṣù mélòó kan, lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ẹyẹ idì á wà lórí ẹ̀, wọ́n á kọ "Final Notice" gàgàrà, wọ́n á ní kẹ́ẹ san owó kan kíákíá. Ìjọba kọ́ ló kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta bọ́ǹdì àti òǹtẹ̀ ni, orúkọ yín sì wà níta gbangba torí nótárì ni yín. Àwọn míì nínú wọn ń ṣiṣẹ́ tó dáa, kàn jẹ́ pé owó wọn wọ́n ju kẹ́ẹ ra nǹkan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Ẹ má san nǹkan kan lórí lẹ́tà kẹ́ẹ tó fi ọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì Secretary of State wọlé kẹ́ẹ rí iye tó jẹ́ gan-an.

Ẹ má sì gbára lé pé ìjọba máa rán yín létí. Íméèlì lè wọ spam, ẹ sì lè ti kó kúrò nílé tí lẹ́tà ń lọ. Ẹ tẹ ọjọ́ mẹ́rin sínú fóònù báyìí, kì í ṣe lọ́la: oṣù mẹ́fà ṣáájú fún orúkọ àti kọ́ọ̀sì, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n lè gba fọ́ọ̀mù, ọjọ́ 30 ṣáájú láti béèrè ibi tó dé, àti ọjọ́ tó máa tán gan-an, èyí tẹ́ẹ máa kọ "má gba iṣẹ́" sí.

Òǹtẹ̀ àtijọ́ àti jọ́nà

Òǹtẹ̀ tó ti tán, ẹ má jù ú sínú dọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ gé rọ́bà ẹ̀ títí tí ẹnikẹ́ni ò fi ní lè tẹ̀ ẹ́ mọ́, California tiẹ̀ fi bíbà á jẹ́ sínú òfin. Jọ́nà, ìyẹn ìwé tẹ́ẹ ń kọ gbogbo iṣẹ́ nótárì yín sí, kì í kú pẹ̀lú kọmíṣọ̀n. New York ní kẹ́ẹ tọ́jú ẹ̀ fún ọdún 10, SB 693 náà ti mú un wọ Texas. Ní California, tẹ́ẹ bá jẹ́ kí kọmíṣọ̀n tán, tí ọjọ́ 30 sì kọjá tí wọn ò tíì tún yín yàn, gbogbo jọ́nà yín gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ county clerk. Ẹni tó bá ti pinnu pé òun ò ṣe nótárì mọ́, kó kọ ìyẹn sínú kàlẹ́ńdà ẹ̀, kó sì ya fọ́tò risíìtì tí wọ́n bá fún un níbẹ̀.